Ó kàn fẹ́ kí ara òun fúyẹ́ díẹ̀ ni: Bí ebi ṣe pa Karen Carpenter, olówó tí oúnjẹ kún ilé rẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 1983, ìyá kan ní ìlú Downey, nítòsí Los Angeles nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gòkè lọ wo ọmọ rẹ̀ obìnrin tó sùn sílé mọ́jú. Ilẹ̀ ló bá a, nínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ sí. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn, àwọn dókítà sáré sókè, wọ́n sáré sódò, ṣùgbọ́n kí aago mẹ́wàá tó lù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹni ọdún 32 ni. Ó ku bí oṣù kan kó pé 33.

Karen Carpenter lorúkọ ẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, Richard, ni wọ́n jọ ń kọrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí The Carpenters. Kì í ṣe ọmọ tálákà o. Láti ọdún 1970 tí orin wọn kan ti gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ni owó ti ń wọlé, tí àwo ń tà, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú lọ káàkiri ayé. Kò sí irú ẹran, kò sí irú ẹja, kò sí irú èso tí Karen fẹ́ rà tí owó rẹ̀ kò ká.

Nígbà tí àwọn tó yẹ òkú ẹ̀ wò wá gbé ìwé jáde lóṣù kẹta ọdún náà, wọ́n ní ọkàn ẹ̀ ló kọṣẹ́. Oògùn tí wọ́n fi ń mú èèyàn bì, èyí tó ń lò lábẹ́lẹ̀, ló ti ba ọkàn náà jẹ́. Àìsàn tó sì sún un dé ìdí oògùn yẹn ni àìsàn àìjẹun tí àwọn dókítà ń pè ní anorexia nervosa. Ká sọ ọ́ lédè ọjà, ebi ló pa olówó.

Ẹlòmíì á ní, "Ẹ má dá mi lóhùn o jàre! Ebi àfọwọ́fà ni. Ẹni tó ní oúnjẹ tí kò jẹ ẹ́, ta ni ká bá wí?" Ẹni bá sọ bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi, nítorí bó ṣe rí lójú ni. Àmọ́ kí onítọ̀hún fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn náà tán ná.

Wọ́n bí Karen ní New Haven lọ́dún 1950, àwọn òbí ẹ̀ sì kó wá sí Downey ní 1963. Ìlù ló kọ́kọ́ mú lọ́kùn-únkúndùn, kì í ṣe orin. Ẹ wo obìnrin tó jókòó sídìí ìlù láàrin ọkùnrin láyé ìgbà yẹn! Bó ṣe ń lù ú ló ń kọrin, ohùn ẹ̀ sì jinlẹ̀ bí inú kànga, ó ń dùn lọ. Nígbà tí òkìkí wá dé, wọ́n ní kó dìde lẹ́yìn ìlù, kó wá dúró níwájú kí èrò lè máa rí i dáadáa. Ẹni tó ti ń fi ìlù bo ara ẹ̀ látìgbà yìí wá bọ́ sójú gbangba.

Kó tó dìgbà náà, ní nǹkan bí ọdún 1967, tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sanra díẹ̀. Kì í ṣe irú sísanra tí ẹnikẹ́ni máa tìtorí ẹ̀ yíjú wò ó lọ́jà Dùgbẹ̀ o, bí wọ́n bá tiẹ̀ máa sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ara ẹ̀ ń dán ni. Ìyá ẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà fún un ní ìlànà oúnjẹ, ara ẹ̀ sì fúyẹ́. Ibẹ̀ ló dúró sí fún bí ọdún mẹ́fà. Ó ń jẹun, ó ń kọrin, kò sí wàhálà.

Ọdún 1973 ni nǹkan yí padà. Ó rí àwòrán ara ẹ̀ kan tí wọ́n yà níbi tó ti ń ṣeré, bí aṣọ ṣe dúró sí i lára kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ kù. Díẹ̀ péré ló ní òun fẹ́ dín kù. Àwọn èèyàn sì ń yìn ín, "Karen, o mà rẹwà o!" Ìyìn yẹn ló dà bí epo tí wọ́n bù sínú iná. Iye tó ní òun fẹ́ dín kù yẹn pé, kò dúró. Ó rékọjá ẹ̀, kò dúró. Nígbà tó fi máa di 1975, bó bá yọ sórí ìtàgé, èémí àwọn èrò ìwòran á dúró, nítorí eegun ni wọ́n ń rí. Wọ́n fagi lé ìrìn-àjò orin tí wọ́n ti ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ní ìlú Ọba àti ní Japan, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè dìde nílẹ̀.

Bí wọ́n bá jókòó sídìí tábìlì, àwọn tó sún mọ́ ọn ní ṣe ló máa ń pín oúnjẹ iwájú ẹ̀ kiri: "Tọ́ ọ wò, ó dùn o. Ìwọ náà, gba díẹ̀." Kí wọ́n tó mọ̀, abọ́ ẹ̀ ti gbẹ, kò sì fi ohunkóhun kan ẹnu.

Kí ló dé tí kò dúró? Ẹni tó bọ́ sí igba kílómítà láìròtẹ́lẹ̀, ṣé kò mọ ọ̀nà padà ni? Ìdí ìbéèrè yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ìdáhùn, àfi kó gbàgbé obìnrin ná, kó gbàgbé orin, kó gbàgbé ẹwà, kó wá bá àwọn ọkùnrin mẹ́rìndínlógójì kan lọ sí ìlú Minneapolis.

Ogun Hitler ló ń parí lọ. Gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù ló kún fún ẹni tí ebi ti han léèmọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n máa bọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Minnesota, Ancel Keys, wá ní kí wọ́n fún òun ní àwọn ọkùnrin tí ara wọn le. Àwọn tó rí ni ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ̀sìn tàbí ẹ̀rí ọkàn wọn kò gbà kí wọ́n gbé ìbọn, tí wọ́n ní àwọn kò lè jà ṣùgbọ́n àwọn lè fi ara àwọn sìn lọ́nà mìíràn. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, lára àti lọ́pọlọ. Kò sí wèrè nínú wọn, kò sí aláìsàn, kò sì sí èyí tó ní òun fẹ́ tín-ín-rín.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 1944, nínú yàrá tó wà lábẹ́ pápá ìṣeré yunifásítì náà. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n jẹ àjẹyó. Lẹ́yìn náà wọ́n gé oúnjẹ wọn sí bí ìdajì fún odindi oṣù mẹ́fà: búrẹ́dì, ànàmọ́, kábéèjì, màkàrónì, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ rin ìrìn máìlì 22 lọ́sẹ̀. Ẹ̀bù kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn ló lọ.

Ara rírù kì í ṣe ìyanu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọpọlọ wọn ló jẹ́ ìyanu. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ti máa ń jiyàn lórí ìwé àti ẹ̀sìn, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń sọ. Àwọn tí kò tíì dáná rí bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé oúnjẹ sísè, wọ́n ń kà á lórí ibùsùn bí ẹni ń ka lẹ́tà ìfẹ́. Wọ́n á jókòó ti abọ́ oúnjẹ kékeré fún àkókò gígùn, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á bomi lé e, wọ́n á lá abọ́ náà mọ́ kedere. Tíì àti kọfí, àmuùdákẹ́. Ṣingọ́ọ̀mù, àjẹùsinmi. Òtútù ń mú wọn láàrin oòrùn. Ọkàn wọn ń lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí agogo tí bátìrì ẹ̀ ti fẹ́ kú. Wọn ò fẹ́ rí ọ̀rẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ obìnrin kò tiẹ̀ wá sí wọn lọ́kàn mọ́. Inú ń bí wọn, wọ́n ń sunkún. Àwọn kan jí oúnjẹ jẹ láàrin ìlú, ẹ̀rí ọkàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, débi pé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dá jáde mọ́, àfi méjì-méjì. Ọ̀kan nínú wọn fi àáké gé ìka ọwọ́ ara ẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ó ní òun ò lè sọ.

Nígbà tí wọ́n wá dá oúnjẹ padà fún wọn, ṣé wọ́n yó? Wọn ò yó! Àwọn kan ń jẹ títí ikùn fi fẹ́ bẹ́, ebi sì tún ń pa wọ́n. Bí ẹran ara ṣe ń padà, àwọn mìíràn ń ráhùn pé ikùn àwọn ti yọ jù, pé ìdí àwọn ti tóbi jù. Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin tí kò ro ti ìdí rẹ̀ rí láyé ẹ̀! Ọ̀pọ̀ oṣù ló gbà kí nǹkan tó bọ̀ sípò, ó tiẹ̀ gba àwọn mìíràn ju ọdún kan lọ. Keys àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé ńlá méjì tó jáde ní 1950.

Ìwé yẹn ló jẹ́ kí àwọn dókítà tún ojú wo irú àìsàn Karen. Ohun tí wọ́n ti ń pè ní ìwà burúkú aláìsàn, irú bíi pípín oúnjẹ kiri, lílá abọ́, sísá fún ọ̀rẹ́, àti ríro oúnjẹ tọ̀sán-tòru, ebi fúnra ẹ̀ ló ń bí púpọ̀ nínú wọn. Ara tó rù ló ń fa ìṣesí yìí, kódà lára ọkùnrin tí kò bá ẹwà ṣe. Àṣé rírù kì í ṣe àmì àìsàn náà nìkan. Ó wà nínú ohun tó ń bí i, òun náà ló sì ń bọ́ ọ dàgbà.

Àmọ́ ṣá o, àwọn ọkùnrin Minnesota, bí wọ́n ti gbé oúnjẹ fún wọn ni wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Karen ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti pín nìyẹn. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú irú àìsàn yìí sọ pé àwọn èèyàn kan wà tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ láti kékeré, tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo nǹkan pé pérépéré, tí àṣìṣe kékeré máa ń gbà lóorun. Bí ebi bá kọ́kọ́ mú irú wọn, ó máa ń dà bíi pé ariwo inú orí wọn rọlẹ̀. Ìrọ̀rùn tí wọn ò rí rí ni wọ́n rí yẹn. Bí wọ́n bá wá fẹ́ jẹun padà, ariwo á tún dé, pẹ̀lú ẹ̀rù. Bí ara sì ṣe ń rù sí i ni ọpọlọ ń le gbagidi sí i, tí ikùn ń sún kì, tí òkèlè méjì fi ń dà bí odindi ìṣaasùn. Inú ihò ni onítọ̀hún wà, ebi ló sì ń gbẹ́ ihò náà jìn.

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n fún àìsàn náà ń tan èèyàn jẹ. William Gull, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1873, ìtumọ̀ ẹ̀ sì ni pé oúnjẹ kò wu èèyàn jẹ. Irọ́ ni! Ó ń wù wọ́n. Ẹ̀rù ẹ̀ ló ń bà wọ́n. Èkejì ẹ̀ tún wà, èyí tí Gerald Russell fún lórúkọ ní 1979, bulimia nervosa, níbi tí ebi á ti borí ẹni tó ń ṣẹ́ oúnjẹ, tí á jẹ àjẹkì níkọ̀kọ̀, tí ìtìjú á mú un, tí á sì lọ bì í. Ẹni tó ní eléyìí lè má rù lójú rárá.

Ẹ̀rí mìíràn wá láti Ọsirélíà. Wọ́n tọ́ àwọn ọmọ iléèwé bíi 1,900 tó wà ní ọdún mẹ́rìnlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn fún ọdún mẹ́ta, ìwé ìwádìí náà sì jáde ní 1999. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣẹ́ oúnjẹ gidigidi, ewu pé irú àìsàn yìí máa mú wọn láàrin oṣù mẹ́fà tó ìlọ́po 18 ti àwọn tí kì í ṣẹ́ ẹ. Kódà àwọn tó ń ṣẹ́ ẹ níwọ̀nba, ìlọ́po márùn-ún ni tiwọn.

Ọ̀pọ̀ máa ní, "Ti òyìnbó nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti ń bi ẹni tó bá rù pé ṣé kò sí o, ta ló máa febi pa ara ẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ ní Fiji, erékùṣù kan láàrin òkun Pàsífíìkì. Lọ́hùn-ún, ara tó kún ni ẹwà. Bí èèyàn bá rù, àwọn ará ilé ẹ̀ ni ojú ń tì, nítorí ó dà bíi pé wọn ò tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ní 1995 ni tẹlifíṣọ̀n wọ agbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Nadroga. Dókítà Anne Becker láti Amẹ́ríkà bi àwọn ọmọbìnrin iléèwé ibẹ̀ léèrè lọ́dún náà, kò sí ẹyọ kan tó ní òun ń bì kí òun má baà sanra. Ó padà bi àwọn ọ̀wọ́ mìíràn ní 1998. Nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré! Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí bí àwọn tó ń ṣe fíìmù ṣe rí, kí àwọn lè ríṣẹ́ tó dáa, kí ayé lè gba tàwọn. Ilé tí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n wà sì pọ̀ lóde òní.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dín oúnjẹ kù ló máa rí ìjàngbọ̀n o. Ẹni tí dókítà bá sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru, pé kó dín ara kù, kó má lọ tìtorí àpilẹ̀kọ yìí pa ìmọ̀ràn dókítà tì. Ọ̀pọ̀ ló ń dín ara kù tí kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n, bí Karen fúnra ẹ̀ ṣe yè é nígbà àkọ́kọ́. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan. Ní 2019, ìwádìí kan tó kó ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bíi 17,000 jọ rí i pé àwọn àmì kan wà nínú àjogúnbá wọn, kì í sì í ṣe àmì ti ọpọlọ nìkan, ti bí ara ṣe ń lo oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá jogún irú ẹ̀, ohunkóhun tó bá ṣáà mú kó rù lè tanná ràn án: ibà tó pẹ́ lára, ààwẹ̀, eré ìdárayá àṣejù. Ọkùnrin náà ń ní i. Ẹni tó sanra gan-an tẹ́lẹ̀ tó wá rù kíákíá lè ní i kó tó tín-ín-rín lójú ẹnikẹ́ni, gbogbo ará àdúgbò á máa kí i kú oríire, ọkàn ẹ̀ á sì máa rẹ̀wẹ̀sì nínú àyà lọ́hùn-ún.

Ohun tí àwọn ìyá lè rí kò fara sin. Ọmọ tó ní òun ti jẹun níbòmíì lójoojúmọ́. Ọmọ tó ń se oúnjẹ fún gbogbo ilé tí òun kò bá wọn jẹ. Aṣọ bàǹtàbanta nígbà ooru. Nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró láìsí oyún. Kó máa tètè lọ sílé ìyàgbẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kó sì yí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa pariwo. Òòyì, òtútù, kó máa dákú. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó máa nà án. Kí wọ́n má sì sáré kó oúnjẹ tó pọ̀ sí ẹni tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́ lẹ́nu láìsí dókítà nítòsí, nítorí ìyẹn náà lè dá ọkàn dúró.

Karen gba ìtọ́jú, àmọ́ ó ti pẹ́. Ní 1982 ó kó lọ sí New York, wọ́n gbà á sílé ìwòsàn lóṣù kẹsàn-án, wọ́n ń gba iṣan fún un lóúnjẹ, ara ẹ̀ padà díẹ̀. Oṣù kọkànlá ló padà sílé, inú ìyá ẹ̀ dùn, inú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà dùn. Ẹran ara ti ń padà, ṣùgbọ́n ọkàn kò padà.

Láàrin ọdún mẹ́wàá yẹn kan náà, ní ilé ìwòsàn Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ nǹkan mìíràn. Dípò kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó ń bẹ lọ́kàn ọmọ náà, wọ́n ní kí ebi kọ́kọ́ kúrò lára ẹ̀ ná, nítorí ọpọlọ tí ebi ń pa kò lè gbọ́ ìmọ̀ràn. Wọ́n ní àwọn òbí ló máa ṣe é. Wọn ò bá wọn wí pé àwọn ló fà á. Wọ́n fi agbára oúnjẹ ọmọ lé wọn lọ́wọ́, ìyá àti bàbá ló ń pinnu ohun tí ọmọ máa jẹ àti iye tó máa jẹ, bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, títí ara ẹ̀ á fi padà, kí wọ́n tó dá agbára náà padà fún un díẹ̀díẹ̀. Ní 1987 wọ́n gbé èsì jáde: àwọn ọmọ tí àìsàn náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta lára wọn rí ìwòsàn lọ́nà yìí ju àwọn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ní àwọn nìkan lọ.

Ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ lé lónìí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lókè òkun. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kí gbogbo ará ilé gbé oúnjẹ dání wá sí yàrá dókítà, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ọmọ á gbé abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sunkún, á ní òun ti yó. Dókítà kò ní bá a sọ ọ́. Ìyá ẹ̀ ló máa sún mọ́ ọn, tí á jókòó tì í títí, láìbínú, títí ọmọ náà á fi jẹ òkèlè kan péré ju iye tó ní lọ́kàn láti jẹ lọ.